Ọta Tó Kù Lọ́wọ́ Verna

Kò sí ohun tí Verna kórìíra nínú ilé rẹ̀ tó ìbọn ìléwọ́ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ìbọn. Ní Tolgana, abúlé wa, ìbọn gígùn máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbogbo ilé bí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìléwọ́ yẹn, onírin dúdú, tí ọta mẹ́fà ń yí nínú ikùn rẹ̀, wúwo bí òkúta odò, ariwo rẹ̀ sì máa ń di etí ẹni pa títí di ọjọ́ kejì.

Wilfred, ọkọ rẹ̀, kì í wọ igbó láìgbé e kọ́ àyà. Bó ń lọ gé igi ìdáná ni o, bó ń lọ yẹ pańpẹ́ wò ni o, bó kàn fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìn àgọ́ ni o, ìbọn náà á wà nínú àpò awọ lórí ẹ̀wù òtútù rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Ó máa ń sọ pé ìbọn gígùn ni èèyàn fi ń wá béárì lọ, ìléwọ́ ni ti ọjọ́ tí béárì bá wá ẹni wá.

Obìnrin kúkurú ni Verna, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Òun ló se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó dàgbà ní Tolgana tí kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tàbí kó gba ìbáwí lẹ́nu rẹ̀. Wilfred ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdẹ ni, ojú rẹ̀ sì mú débi pé ó lè rí ìwo músì, ẹranko tó ga ju ẹṣin lọ yẹn, láàárín igi gbígbẹ ní òdìkejì odò, kó sì na ìka sí i títí ẹ̀yin náà á fi rí i.

Àtọ̀gbẹ ló mú ojú yẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ìlú ńlá, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ó padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá funfun kan. Ní ọjọ́ tó padà dé yẹn, ó jókòó sí ìdí tábìlì, ó tú àpò awọ ìbọn náà kúrò láyà, ó nà án sí ibi tó ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.

"Gbà," ó ní.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Èmi ni mò ń gbé e torí pé èmi ni mo ríran. Ìwọ lo ríran báyìí."

"Arúgbó, o mọ̀ pé bí mo bá yin nǹkan yìí, imú ara mi ni n ó fi ìdí rẹ̀ fọ́."

"Ìyẹn náà dáa. Béárì á rín ẹ̀rín kú."

Norbert, àbúrò Verna, ló kọ́ ọ létí odò. Ó gbé agolo epo kan kalẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọta àkọ́kọ́ bọ́ sínú omi, èkejì gba ojú ọ̀run lọ. Norbert gba ìbọn náà, ó ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ronú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi ayùn rẹ́ irin tó yọ ṣóńṣó lẹ́nu rẹ̀ yìí."

"Torí kí ni?"

"Kó má baà dùn yín jù, lọ́jọ́ tí béárì bá gbà á lọ́wọ́ yín tó sì kì í bọ̀ yín nídìí."

Verna gbé igi ìdáná, ó lé e ká gbogbo etídò. Wilfred tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó délé, ó ti dákẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ló wà ní gbogbo ọdún yẹn. Ó lè jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú láìsọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Verna a máa sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì, á bi í ní ìbéèrè, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn.

Colleen, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, ti rí yàrá fún bàbá rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ti fi àdéhùn sí i pé kí odò tó dì, wọ́n á gbé e lọ. Wilfred kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Ẹ gbé mi lọ sí àgọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àgọ́ wọn wà ní Odò Dúdú, níbi tí ìdílé Wilfred ti ń lọ ní àsìkò tí ewé bá ń pọ́n láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Kò sí ilé kankan nítòsí, fóònù kì í sì í gbọ́ níbẹ̀. Gbogbo ẹbí ní kò ṣeé ṣe. Norbert ní afọ́jú nínú igbó, ìjọ̀ngbọ̀n ni. Verna wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "A ó lọ." Ó rò pé bóyá tó bá gbọ́ ìró omi yẹn, ẹnu rẹ̀ á tún là.

Norbert fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, ó bá wọn pa àgọ́, ó bá wọn gbé sítóòfù onírin kalẹ̀, ó sì gé igi jọ. Verna ta okùn láti ẹnu àgọ́ dé etí omi, ó ta òmíràn dé ilé ìyàgbẹ́, kí Wilfred lè máa fọwọ́ tọ̀ ọ́. Norbert ṣèlérí pé òun á padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, béárì wá jí ẹja wọn. Verna gbọ́ tí igi tí wọ́n sá ẹja sí ya lulẹ̀. Nígbà tó yọ orí, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó ń mì lọ sínú ṣúúrú, àwọn igi wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ẹja sámọ́nì lẹ́nu. Ó gbé ìbọn náà sókè ọ̀run, ó yìn ín. Ariwo náà gbọn igbó. Ẹranko náà kò tilẹ̀ sáré. Ó kàn yára díẹ̀ sí i.

"Má fi ọta ṣòfò," Wilfred ní láti inú àgọ́.

"Ó ti kó ẹja wa lọ!"

"Ẹja ni. Páálí ọta ńkọ́, mélòó ló kù nínú rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Verna wá páálí ọta. Ó tú àpò aṣọ, ó tú àpótí oúnjẹ, ó gbọn ibùsùn yẹ́bẹ́. Kò sí. Àpò kékeré tó kó o sí ti kù sábẹ́ àga ọkọ̀ Norbert. Ó ṣí ikùn ìbọn, ó wo ohun tó wà níbẹ̀: márùn-ún.

"Ó tó," Wilfred ní. "Tí márùn-ún ò bá tó ẹ, ọgọ́ta ò ní tó ẹ."

Màmá àgbà tó tọ́ Verna kì í dárúkọ béárì. Ẹni Ńlá ló ń pè é. Ó ní obìnrin kì í pe orúkọ rẹ̀, kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí etí rẹ̀ gùn ju igbó lọ. Verna kì í fi gbogbo ara gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń tún igi ẹja gbé nàró, ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹni Ńlá, ẹja yẹn tó. Má padà wá mọ́."

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ ká èso pupa lórí òkè tó wà lẹ́yìn àgọ́. Ó po tíì fún Wilfred, ó fi bisikíìtì líle tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti igi sínú sítóòfù.

"Má jáde o," ó ní. "N ò ní pẹ́."

"Verna."

"Kí ni?"

"Gbé ìbọn dání."

"Ó wà láyà mi, arúgbó."

Nígbà tó fi ká èso kún ife rẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀, sítóòfù ti kú. Tíì wà níbi tó gbé e sí, kò fẹnu kàn án. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kò sí lórí ìṣó, ṣùgbọ́n ọ̀pá funfun rẹ̀ fẹ̀yìn ti òpó àgọ́. Verna rò pé ilé ìyàgbẹ́ ló lọ. Ó tọ okùn lọ síbẹ̀, kò bá a. Ó tọ okùn kejì dé etí omi, kò bá a. Ó pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́, odò ń hó lórí àpáta, igbó sì gbé orúkọ náà mì.

Ó wo ilẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí okùn parí sí, ó rí ojú ẹsẹ̀ bàtà Wilfred. Wilfred ti fi okùn sílẹ̀, ó sì ti gba òkè odò lọ. Verna bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé wí. Àfi bó ṣe dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ dáadáa, tó rí ojú ẹsẹ̀ mìíràn. Ó gbòòrò ju àwo oúnjẹ lọ, èékánná rẹ̀ sì kọ ilẹ̀ níwájú bí ìgbà tí wọ́n fi fọ́ọ̀kì ya á. Ó tẹ ojú ẹsẹ̀ Wilfred mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orí ipasẹ̀ ẹni, ẹ̀yìn ẹni ló ń bọ̀.

Ó dúró níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, àgọ́ ti fara pamọ́. Ó wo iwájú, igi gọngọ gọngọ àti ṣúúrú tí èèyàn ò lè rí kọjá ọwọ́ rẹ̀. Oòrùn ti ń rọra yẹ̀. Ó fa ìbọn yọ. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn: Wilfred mọ ohùn ìbọn yìí ju ohùn ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá ṣìnà, tó gbọ́ ọ, á mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ó yìn ín sókè.

Ó dúró. Ó dá èémí dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ó tún rìn síwájú. Àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ti èèyàn àti ti ẹranko, pòórá lórí ilẹ̀ tó rọ̀ bí tìmùtìmù, kò mọ ibi tí yóò yà sí mọ́. Ó yin ìkejì. Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Bó bá yìn ín, Wilfred lè gbọ́. Bó bá yìn ín tán, kí ni yóò fi dúró níwájú ohun tó ń tẹ̀ lé Wilfred? Kí ló wúlò nínú kó pè é wá sọ́dọ̀ obìnrin tí kò ní nǹkan lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n bí kò bá pè é, ilẹ̀ ń ṣú, òtútù ń bọ̀, ọkùnrin tí kò ríran kò ní rí òwúrọ̀ ọ̀la láìsí iná. Ó ka ọta náà bí ẹni tó ń ka òkèlè tó kù nínú ìkòkò fún ọmọ tí ebi ń pa. Nígbà tó rí fìlà Wilfred lórí igi tó ṣubú, tí wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, tí kì í ṣe pé ó já bọ́, kò ronú mọ́. Ó yin ìkẹta.

"Wilfred! Dá mi lóhùn! Ọlọ́run mi, dá mi lóhùn!"

Ó mú fìlà náà, ó há a sábẹ́ apá.

Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fi orúnkún kúnlẹ̀ sínú omi ilẹ̀, kò sì mọ̀ pé omi ni. Ó yin ìkẹrin láìmọ̀ pé òun ti pinnu. Èéfín rẹ̀ fẹ́ padà sí i lójú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó jókòó, ó di ìbọn gbígbóná náà mọ́ ikùn, ó ń sunkún bí ẹni tó ti gbọ́ òkú.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ikọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni, èyí tí èèyàn ń gbìyànjú láti fọwọ́ bò. Verna ti sùn ti ikọ́ yẹn láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó. Kò sì jìnnà rárá. Ẹ̀yìn igi ńlá tó wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an ló ti wá. Ó fi ọwọ́ fa ṣúúrú ya, ó yí igi náà po.

Wilfred jókòó, ó fẹ̀yìn ti igi, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan láìwọ ìbọ̀wọ́. Ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí omi ti ń dún.

"Wilfred! Ṣé o ṣubú ni? Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Kò síbi tó ń dùn mí."

"O ò gbọ́ ìbọn ni?"

"Mo gbọ́."

"Èwo lo gbọ́?"

"Gbogbo rẹ̀."

Verna kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ tán, ó fi fìlà náà lù ú léjìká, ó tún lù ú.

"O gbọ́! O gbọ́, o sì jókòó síbí bí kùkùté! Ọta tí n bá fi gba ẹ̀mí mi là ni mò ń yìn sí ojú ọ̀run nítorí rẹ!"

"Mo rò pé tó bá sú ẹ, wàá padà sí àgọ́."

"Kí n padà! Kí n wá lọ sọ kí ni fún Colleen?"

"Sọ pé mo ṣìnà. Afọ́jú ló ṣìnà nínú igbó, ta ni yóò bi ẹ́ ní ìbéèrè kejì?" Ó nu imú rẹ̀ nù. "Mi ò fẹ́ kú sínú yàrá tí mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé rẹ̀ wà, Verna. Ibí ni mo mọ̀. Òtútù á ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, bí oorun. Ìwọ náà á sinmi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?"

"Mò ń gbọ́ ẹ. O máa ń sunkún sínú ìrọ̀rí."

Verna dé fìlà náà sí i lórí, ohùn rẹ̀ sì wá kéré.

"Òmùgọ̀ ni ẹ́. Ojú rẹ kọ́ ni mò ń sunkún lé lórí. Mò ń sunkún torí pé o ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Tí mo bá fẹ́ opó, mi ò bá ti—"

"Dákẹ́," Wilfred ní.

"Mi ò ní dákẹ́!"

"Verna, dákẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ. Ó ń pa eyín pọ̀."

Ó dákẹ́, òun náà sì gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń fi òkúta méjì lu ara wọn. Lẹ́yìn náà, èémí ńlá, tó wúwo, tó ń jáde láti ibi gíga. Ewé ṣúúrú mì. Orí kan yọ, ó gbòòrò, ojú rẹ̀ méjèèjì kéré. Ó wo wọ́n.

Wilfred ti dìde. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ìyàwó rẹ̀ kàn, ó fẹ́ tì í sẹ́yìn ara rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó de ikú láti ọ̀sán ló dúró gbagidi yẹn, ó ya ọwọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ohun tí kò rí.

"Sá," ó ní. "Máa lọ. Màá bá a sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ni kó o kúrò níwájú mi!" Verna fi èjìká gbá a sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé ìbọn sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó sọ̀rọ̀ bí màmá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, láìwo ẹranko náà lójú.

"Ẹni Ńlá, obìnrin ni mí. Mi ò wá bá ẹ jà. Ọkọ mi tí kò ríran ni mo wá mú. Jọ̀ọ́, fi wá sílẹ̀, ká lọ."

Béárì náà fi ẹsẹ̀ iwájú gbá ilẹ̀. Ó fọn bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ jáde nínú táyà. Lẹ́yìn náà ó ń bọ̀, kò sì dà bí ohun tó ń sáré. Ó dà bí pé àlàfo àárín wọn ló ń ká.

"Fi àtàǹpàkò fa irin ẹ̀yìn ìbọn náà sẹ́yìn," Wilfred ń sọ létí rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ni ní àdúrà. "Má tíì yìn ín. Má tíì yìn ín. Jẹ́ kó dé. Ṣé o rí imú rẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ṣé ó tutù?"

Ó rí omi tó ń dán lórí imú náà. Ó yìn ín.

Ìbọn náà ta ọwọ́ rẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ gbá a níwájú orí, ó ṣubú lu Wilfred, àwọn méjèèjì sì wó lulẹ̀. Ohun kan wúwo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ju ẹrẹ̀ sí wọn lára, ó bú ramúramù, ó sì ya igbó lọ ní ìsàlẹ̀ odò. Igi ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà igi kò ṣẹ́ mọ́.

"Ṣé ó bà á?" Wilfred bèèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Mélòó ló kù?"

"Kò kù."

Wọ́n sùn sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti iwájú orí Verna sí ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò ni àgọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni béárì tó ṣeé ṣe kó ti fara gbọgbẹ́ gbà lọ. Ọ̀nà mìíràn kò sí. Bí wọ́n bá dúró, òtútù á pa wọ́n. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ṣúúrú.

"Dìde," Verna ní. "Di ẹ̀wù mi mú. Tó o bá jù mí sílẹ̀, èmi náà á jókòó síbẹ̀, ká kú pa pọ̀, Colleen á sì wá sin òmùgọ̀ méjì."

Wilfred di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"A ní láti máa pariwo," ó ní. "Ká má baà já lù ú lójijì."

"Sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ohùn mi ti lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Wilfred ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ké sókè bí ẹni tó ń kéde ní gbangba. Ó sọ nípa músì àkọ́kọ́ tó pa, ó sọ nípa ọjọ́ tí yìnyín odò já mọ́ òun àti àwọn ajá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe rí Verna nígbà àkọ́kọ́, tó ń fi ṣíbí ìdáná lé ọmọkùnrin kan tó jí àkàrà òyìnbó níléèwé, àti bí ó ṣe rò pé ẹni tó bá fẹ́ obìnrin yìí kò ní rí oorun sùn. Verna ń lọ níwájú, ó na ìbọn tí kò ní nǹkan nínú síwájú, ó ń fi apá nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì bá a dá sí i lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí koríko ti ga jù létí omi, òórùn kan lù wọ́n, bíi ti ajá tó tutù àti ẹja tó rà. Wilfred gbọ́ òórùn náà, ohùn rẹ̀ já díẹ̀, ó sì tún ké sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò dúró. Wọ́n dé àgọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó lè dá igi mọ̀ sí igi mọ́, wọ́n tan iná, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkọ̀ Norbert ni wọ́n gbọ́ láàárọ̀. Ó ti rí àpò ọta lábẹ́ àga ọkọ̀ nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ pẹja, ó sì ti wakọ̀ láti ìgbà tí ojú ti lè rí omi. Ó fò sílẹ̀, páálí ọta lọ́wọ́, ó ń bú ara rẹ̀. Ó rí iwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín?"

"Ìbọn ẹ̀yin méjèèjì ló gbá mi," Verna ní. "Mo sọ fún yín."

Ó kó wọn délé. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọkùnrin kan padà lọ pẹ̀lú ìbọn gígùn, torí a kì í fi béárì tó gbọgbẹ́ sílẹ̀ sínú igbó fún ẹlòmíràn láti bá pàdé. Wọ́n bá a nínú koríko gíga létí omi. Ó ti kú, ọta náà ti gba àyà wọlé. Wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n gbé òun àti agbárí fún àwọn aṣọ́gbó bí òfin ṣe wí. Ó pẹ́ kí Norbert tó sọ fún Verna pé ibi tí ẹranko náà sùn sí, ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà lè na ẹsẹ̀ kàn án, àti pé ó dà bíi pé kò kú kíá. Ó ti fi èékánná hú ilẹ̀ yí ara rẹ̀ po. Verna jáde síta, ó bì.

Kò sọ ohun tí Wilfred ṣe fún Norbert, kò sọ fún Colleen. Ohun tó sọ fún Colleen ni pé kó dá yàrá yẹn padà fún àwọn tó ni ín. Colleen sunkún, ó ní ìyá òun ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà. Verna ní, "Ẹ̀mí mi ni." Èmi náà, tí mo jẹ oúnjẹ rẹ̀ níléèwé, kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí Wilfred fi kú sórí ibùsùn ara rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí àwa méjèèjì ń la ẹja létí odò.

Mo bi í bóyá Wilfred bẹ̀ ẹ́ rí nítorí ọjọ́ yẹn.

Ó ní rárá. Kò fìgbà kan bẹ òun, òun náà kò sì fìgbà kan bi í. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú á kàn ṣàdédé bí òun nídìí sítóòfù, tí òun á fẹ́ fi ìkòkò sọ̀kò sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Odò Dúdú, kò sí àárọ̀ kan tí òun jáde lọ gé igi tàbí lọ pọn omi tí ohùn Wilfred kì í wá láti inú yàrá, kí òun tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn láti padà wọlé.

"Verna, mo wà níbí o."

"Ó máa ń bí mi nínú nígbà míì," ó ní. "Màá ní, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, arúgbó, ta ló fẹ́ jí ẹ gbé? Á tún pè é. Kò ní dákẹ́ àfi tí mo bá dá a lóhùn."

Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ nù lára aṣọ, ó sì mú ẹja mìíràn.